Ìlú Tí Ó Kọ Ẹ̀yìn sí Omi: Ọjọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

 Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Akàn kò ní ọrùn tí ó lè yí sọ́tùn-ún sósì. Ojú méjèèjì tí ó nà sókè ni odi rẹ̀. Ohun tí ojú akàn kò bá tètè rí, orí akàn ni yóò jìyà rẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí á mú dání bí a ti ń sọ̀rọ̀ ní alẹ́ òní lórí omi tí ó wà ní agbègbè Ọjọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Kókó méjì ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́: ìgbafẹ́ létí omi, àti ìtọ́jú omi kí ó má baà bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n rò pé ti olówó ni ìgbafẹ́, ti ìjọba sì ni ìtọ́jú. Ohun tí ìtàn agbègbè yìí fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ojú àwọn tí ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń ṣeré létí omi, ni ó ń ṣọ́ omi. Ọjọ́ tí ojú náà kúrò níbẹ̀ ni omi di aláìní-olùṣọ́.

Ẹ fojú inú wo èrò kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òkókómáíkò ní ìrọ̀lẹ́. Ariwo fèrè ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́; èéfín ni yóò fà símú; ìsọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ni yóò rí lọ́tùn-ún lósì. Bí ó bá ti gbé ogún ọdún ní àdúgbò náà pàápàá, ó ṣeé ṣe kí ó má fi ojú kan omi ńlá tí ó wà ní ìhà gúúsù ibi tí ó dúró sí. Omi yìí so ilẹ̀ Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì. Ó gba ẹsẹ̀ ìlú Ọjọ́ kọjá, ó sì lọ pàdé omi Èkó nítòsí ẹnu òkun. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ọ̀sà Ológe wà níbẹ̀, níbi tí odò Owo ti ń tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Èrò wa yìí kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Àfi ìgbà tí òjò bá rọ̀, tí gọ́tà kún, tí omi wọ yàrá bá a, ni ó tó rántí pé ìlú omi ni òun ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Àwórì ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọjọ́ àti Ìbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Ògúnfúnminírè, ẹni tí a tún mọ̀ sí Ọlọ́fin, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀. A ní kí wọ́n gbé àwo kan lé orí omi, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo bá ti rì, ibẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Àwo náà bá odò Ògùn lọ, ó ń dúró, ó ń lọ, títí ó fi rì ní Ìṣẹrí. Nígbà tí wọ́n béèrè àwo, èsì tí wọ́n rí gbà ni pé, “Àwo ti rì.” Inú gbólóhùn yìí ni wọ́n ní orúkọ Àwórì ti jáde. Ẹnì kan lè gba ìtàn náà gbọ́, ẹlòmíràn sì lè pè é ní àlọ́. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ohun kan dájú nínú rẹ̀: àwọn tí wọ́n pa ìtàn náà mọ́ gbà pé omi ni ó fún wọn ní ilẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ rí ilẹ̀ kí wọ́n tó wá omi kiri. Omi ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi rí ilẹ̀. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ilé kí wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí odò.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, omi yìí ni títì márosẹ̀ agbègbè náà. Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní ọdún 1861, àti fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni ó ń kó epo pupa, àgbàdo, ẹja yíyan, ìkòkò àti ẹní láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Èkó. Omi kan náà ni wọ́n fi kó ẹrú. N kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn omi ní láti sọ dúdú àti funfun rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí á mú nínú rẹ̀ ni pé ojú gbogbo ìlú wà lára omi. Ibẹ̀ ni àlejò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni ìròyìn ń gbà dé, ibẹ̀ ni ọjà ti ń ná. Iwájú ilé ni èbúté jẹ́ nígbà náà. Oko àti igbó ni ẹ̀yìnkùlé.

Iṣẹ́ àti eré kò sì pínyà. Ibi tí bàbá ti ń tún àwọ̀n ṣe ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ibi tí ìyá ti ń yan ọ̀bọ̀kún àti èpìyà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọkọ̀ díje, tí àwọn àgbà sì ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi. Kò sí ẹni tí ó ń san owó kí ó tó wo omi. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú etí omi ní ilẹ̀ Yorùbá, ibì kan wà fún omi mímu, ibì kan wà fún ìwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀, ibì kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ àwọ̀n sí. Ẹni tí ó bá wù lè pe èyí ní ìgbàgbọ́. Ẹni tí ó bá wù lè pè é ní ìṣàkóso. Ẹja tí a kò pa ní ibi èèwọ̀ ni ó ń bí àwọn ọmọ tí a ń pa ní ibi tí kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ nìkan kò tó. Ohun tí ó fún èèwọ̀ ní agbára ni pé ẹni tí ó bá rú u, ojú kan ti rí i. Ìyá ń fọ aṣọ níbẹ̀, ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àgbà ń ta ayò níbẹ̀. Ta ni yóò wá da ìdọ̀tí sí irú ibẹ̀ tí a kò ní pe orúkọ rẹ̀?

N kò sọ pé àwọn baba ńlá wa mọ́ ju wa lọ. Wọn kò ní ọ̀rá àti ike. Wọn kò ní epo ẹ̀rọ dúdú. Iye wọn kò sì pọ̀ tó tiwa. Bí wọ́n bá ju ìgbá fífọ́ sínú odò, ìgbá yóò rà. Ìyàtọ̀ tí mo ń tọ́ka sí kì í ṣe ti ìwà rere àti ìwà búburú. Ìyàtọ̀ ibi tí ojú wà ni.

Nígbà wo wá ni ojú kúrò lára omi? Bí a bá wo ìtàn dáadáa, láàrin ọdún 1970 sí 1985 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Owó epo rọ̀bì ti dé, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun ńláńlá sí ìwọ̀ oòrùn Èkó. A la títì márosẹ̀ láti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 1977, a ṣe àjọ̀dún FESTAC, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ó sì parí ní ọjọ́ kejìlá oṣù Èrèlé. Ìlú tuntun tí a kọ́ fún un ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní ọdún kan náà ni ọgbà Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ṣí lẹ́bàá títì yìí kan náà. Ọjà Alábà dìde, ó sì di ọjà ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, rédíò àti fíríìjì tí ìròyìn rẹ̀ kàn ká gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lábẹ́ ìṣàkóso Gómìnà Lateef Jakande, a kọ́ ẹ́sítéètì sí Ìbà, a sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọjọ́ ní ọdún 1983. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Èmi tí ń jẹun nídìí ẹ̀kọ́ kò lè pe yunifásítì ní ibi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun kan: títì ni gbogbo wọn kọjú sí. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ lẹ́bàá títì di olówó. Ẹni tí ilẹ̀ tirẹ̀ wà létí omi di ará ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Láàrin ìwọ̀nba ọdún díẹ̀, ohun tí ó jẹ́ iwájú ilé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran di ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin pàápàá sì mọ ohun tí à ń dà sí ẹ̀yìnkùlé.

Nínú ètò FESTAC kan náà, a ṣe àṣehàn ọkọ̀ ojú omi fún àwọn àlejò tí wọ́n wá láti gbogbo ibi tí ọmọ adúláwọ̀ wà láyé. Àwọn awakọ̀ wọ aṣọ aláràbarà, ìlù dún, àlejò pàtẹ́wọ́. Ní àkókò tí a sọ ọkọ̀ wíwà di ohun àṣehàn ni ọkọ̀ wíwà ń kúrò nínú ìgbésí ayé ojoojúmọ́ àwọn ará Èkó. Ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ni à ń tọ́jú. Ohun tí a bá sọ di àṣehàn, ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni à ń gbàgbé rẹ̀.

Omi kò pẹ́ kí ó tó fún wa lésì. Ní ọdún 1984, ewéko kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní water hyacinth gba ojú omi Àjàṣẹ́ wọ agbègbè Àgbádárìgì, ó sì ti ibẹ̀ tàn káàkiri omi Èkó. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ewéko náà ti ṣẹ̀ wá. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò dùn ún wò, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń gbé e ká ayé fún ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé omi tí kò ní ọ̀tá, ó ń pọ̀ bí eéṣú: yóò bo ojú omi pátá, ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà, àwọ̀n kò ní wọlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹja. Ní gbogbo ìgbà òjò ni ó ń wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi iyọ̀ bá ti ẹnu òkun wọlé, iyọ̀ a sì pa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún padà sí ọ̀rọ̀ èdè díẹ̀. Bí Yorùbá bá ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ó máa ń wí pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ewéko omi méjì tí àwọn baba wa mọ̀ bí ẹni mọ ará ilé nìyẹn. Wọ́n mọ̀ wọ́n débi pé wọ́n fi wọ́n súre. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1984, àlejò ni ó ń lékè omi wa, kò sì sí ẹni tí ó fi í súre. Mo ka èyí sí àmì pàtàkì. Àwọn tí wọ́n ń wo omi lójoojúmọ́ ni wọ́n dá orúkọ ojú oró àti òṣíbàtà sílẹ̀. Ogójì ọdún ti kọjá, orúkọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pe ewéko yìí bí a bá tilẹ̀ ń pè é rárá. Ìlú tí kò wo omi rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ewéko náà kò dá jẹ̀bi. Ohun tí ó ń jẹ ni a gbọ́dọ̀ béèrè. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ wa, omi ìfọṣọ wa, ajílẹ̀ tí òjò gbá láti oko, ìwọ̀nyí ni oúnjẹ rẹ̀. A kò tún gbọdọ̀ gbàgbé ìhà Agbárá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí a ti kó àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ jọ láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Omi ìdọ̀tí láti ibẹ̀ ń dé odò Owo, odò Owo sì ń gbé e wá sí ọ̀sà Ológe. Àwọn onímọ̀ nípa ẹja àti omi ti kọ ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀. Ní Alábà, àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí òkè òkun fi ránṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, ń di pàǹtírí tí à ń tú, tí à ń jó, tí òjò sì ń ṣàn lórí eérú rẹ̀. Ní ibi púpọ̀ lójú omi, àwọn awayanrìn ń wa ìsàlẹ̀ omi fún ilé kíkọ́, wọ́n sì ń tú ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí ká. Ẹ má sọ pé kò sí òfin. Nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá dà sí Kókò ní ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Ní ọdún 2007, àjọ NESREA rọ́pò rẹ̀. Òfin kò wọ́n wa. Ojú ni ó wọ́n wa.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹja àti òdòdó ni èyí, pé kò kan ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á rántí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi náà ni ilé ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n sá nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá dé kánáà Òkè-Afá, láàrin Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko ti bo ojú omi. Wọ́n rò pé koríko ni, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni, wọ́n sì bọ́ sí i. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó bá omi náà lọ, tí ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Iye àwọn tí ó kú nínú ọ̀ràn ọjọ́ náà lápapọ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Òkè-Afá kì í ṣe Ọjọ́, ṣùgbọ́n Èkó kan náà ni, ewéko kan náà ni, ìgbàgbé kan náà sì ni. Bí kánáà náà bá jẹ́ ibi tí àwọn ará àdúgbò ń ṣeré ní ìrọ̀lẹ́, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí ọmọdé mọ etí rẹ̀ bí ó ti mọ ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ǹjẹ́ gbogbo wọn ni ì bá bọ́ sínú rẹ̀? N kò lè búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlú tí kò mọ omi rẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ ti wà nínú ewu kí àdó olóró tó bú.

Bí a bá ti dé ibí yìí, àtakò méjì ni mo máa ń gbọ́. Èkíní ni pé ebi ń pa ará ìlú, ta ni yóò ráyè ìgbafẹ́? Èkejì ni pé ìgbafẹ́ gan-an ni ó ń ba omi jẹ́: ẹ ṣí etí omi sílẹ̀, ẹ ó rí ike ọtí, ọ̀rá omi àti ariwo títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òtítọ́ wà nínú méjèèjì. Ìgbafẹ́ tí wọ́n mọ odi yí ká, tí ẹni tí kò lówó kò lè wọ̀, kò lè ṣọ́ omi, nítorí pé ojú àwọn tí ó wà nínú odi náà kò ju inú odi lọ. Ìgbafẹ́ tí kò ní ìlànà náà kò lè ṣọ́ ọ. Èyí tí mo ń sọ ni irú tí àwọn baba wa mọ̀: èyí tí ó ṣí sílẹ̀ fún tolówó tòtòṣì, tí ó sì ní èèwọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Òṣogbo. Ìlú ńlá ni, odò Ọ̀ṣun sì gba àárín igbó rẹ̀ kọjá. Ìtàn ìtẹ̀dó wọn sọ pé àdéhùn wà láàrin Laróòyè, ọba wọn àkọ́kọ́, àti odò náà. Orúkọ oyè ọba, Àtáọ́ja, ni wọ́n sì túmọ̀ sí ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja. Kò sí ìdẹ̀, kò sí ẹja pípa, kò sí igi gígé nínú igbó Ọ̀ṣun. Nígbà tí igbó náà fẹ́ parun ní àárín ọ̀rúndún tí ó kọjá, Susanne Wenger, tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú dìde, wọ́n mọ ère àti ojúbọ, wọ́n sì dá àwọn tí ń ta ilẹ̀ rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1965, ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, ó kan gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ hẹ́kítà márùn-dín-lọ́gọ́rin náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé. Ohun tí ó gbà á là kì í ṣe odi. Àwọn ènìyàn ni, àwọn tí wọ́n ń lọ síbẹ̀ ní ọdọọdún pẹ̀lú ìlù àti ijó nínú oṣù Ògún. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ òpin rẹ̀ pẹ̀lú: ní àwọn ọdún ẹ̀yìn yìí, ìwakùsà góòlù ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ti sọ omi Ọ̀ṣun di pípọ́n bí ẹrẹ̀. Ojú Òṣogbo kò dé Ìjẹ̀ṣà. Bákan náà ni ojú Ọjọ́ kò lè dé Agbárá bí àwọn ìlú tí ó mu omi kan náà kò bá pa ojú pọ̀.

Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn wa, àwọn ará Ègùn tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò àti àna wa ti fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní etí omi orílẹ̀-èdè Benin, ní ẹnu odò Mono, àwọn ìlú kan ní kí Zangbeto, eégún ọdẹ òru, máa ṣọ́ igi àbàtà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọnú omi, kí ẹnikẹ́ni má baà gé e láìgba àṣẹ. Àlejò ń wá wo ibẹ̀, owó ń wọlé fún ọmọ ìlú, ẹja sì ń rí ibi yé ẹyin. Ní ọdún 2017, UNESCO gba agbègbè odò náà, èyí tí Benin àti Togo jọ ni, sínú àwọn ibi tí a ń tọ́jú ní àgbáyé. Ní Benin kan náà, àwọn onímọ̀ ti tú kòkòrò kékeré tí ń jẹ water hyacinth sílẹ̀ láti ọdún 1991, ewéko náà sì dín kù púpọ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé omi tí ó ti bàjẹ́ kò lè sàn mọ́, kí ó wo odò Thames ní London. Ní ọdún 1858, òórùn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi da ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn láàmú. Ní ọdún 1957, àwọn onímọ̀ kéde pé odò náà ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti tún ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí ṣe, tí wọ́n sì fi òfin de ilé iṣẹ́, ẹja salmon padà síbẹ̀ ní ọdún 1974. Omi kì í di kùnrùn. Ẹni tí ó bá mú ọwọ́ ìkà kúrò lára rẹ̀ yóò rí i pé ó mọ ọ̀nà ilé.

Kí ni a ó ṣe wàyí? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ lórí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ láàrin ìjọba àpapọ̀ àti Ìpínlẹ̀ Èkó nípa ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ojú omi. Ìjọba àpapọ̀ ni ó jàre. Mo bọ̀wọ̀ fún ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àṣẹ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń ṣọ́. Láti Abuja, a kò lè rí ẹni tí ó ń da epo dúdú sí omi Ọjọ́ ní aago mẹ́ta òru. Apẹja tí ó lọ wo ìgèrè rẹ̀ ni yóò rí i. Ẹ jẹ́ kí ìjọba tí ó ní àṣẹ fún ẹni tí ó ní ojú ní ẹnu láti sọ ọ́, kí ó sì gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kán wa lójú. Láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Marina àti Mile 2; ètò sì wà pé yóò dé Òkókómáíkò. Títì ọdún àádọ́ta sẹ́yìn mú èrò wá, ó sì mú ojú wa kúrò lára omi. Irin tí ń bọ̀ yìí yóò tún mú èrò sí i wá. Bí a kò bá fi ètò sí i, gbogbo etí omi tí ó ṣẹ́kù ni a ó tà fún ẹni tí ó bá lówó jù. Kí á tó tà á tán, ẹ jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ya èbúté kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ odi yí ká láéláé, tí igi wà níbẹ̀, tí àga wà níbẹ̀, tí ààtàn kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí pé ìtìjú ni fún ọmọ Àwórì pé kí omi máa gbé e lọ. Kí yunifásítì tí ó wà láàrin wa máa yẹ omi wò ní oṣooṣù, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sí ara pátákó ní èbúté, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Ègùn, kí àwọn tí ń mu ún lè kà á. Kí á sì dá ìdíje ọkọ̀ ojú omi padà, kì í ṣe fún àlejò, bí kò ṣe fún ara wa.

Nínú ìtàn Àwórì, ibi tí àwo rì sí ni a kọ́ ìlú sí. Àwọn baba wa wo àwo náà láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé ibi tí ó rì; bí wọ́n bá ti gbé ojú kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀nà, wọn kì bá mọ ibi tí wọn yóò dúró sí. Àwo ni wọ́n ń wò nígbà náà. Omi fúnra rẹ̀ ni ó kù fún wa láti máa wò báyìí.